Bí a Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ tí Yóò Dúró Lórí Rẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè gba òdo nínú ìbéèrè sáyẹ́ǹsì tó dá lórí gàrí gan-an, nítorí pé kò mọ ohun tí describe àti ferment ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ wà níkùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni kò ní. A kọ ìlànà yìí fún olùkọ́ JSS àti SS ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ẹni tí ọmọ ọgọ́ta kún kíláàsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí ẹ mú?

Ẹ ka orí tí ẹ fẹ́ kọ́ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè ṣòro. Wọ́n lè tó 25. Mẹ́fà péré ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ gígùn bíi photosynthesis kì í sábà jẹ́ wàhálà, torí tíṣà Biology á dúró tì í. Àwọn tó ń pa ọmọ lára ni compare, factor, process, evidence, estimate: gbogbo iṣẹ́ ló ń lò wọ́n, kò sì sí tíṣà tó gbà pé tòun ni. Ẹ mú èyí tí ọmọ yóò tún bá pàdé nínú iṣẹ́ mìíràn, àti èyí tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò lè yé e láìsí i. Ìyókù, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ kọjá.

Ẹni tó ń kọ́ SS lè wo àkójọ ọ̀rọ̀ tí Averil Coxhead gbé jáde ní 2000. Ìdílé ọ̀rọ̀ 570 (ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó yọ lára rẹ̀ ni ìdílé kan) ló wà níbẹ̀, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló sì ti ṣà wọ́n. Ó wúwo jù fún JSS 1.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ olójú méjì. Product nínú Ìṣirò ni ohun tí a rí lẹ́yìn tí a bá sọ iye di púpọ̀. Nínú Business Studies, ọjà ni. Volume tí ọmọ mọ̀ ni ti rédíò. Solution, power, table àti mean náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí, kí ẹ tó sọ tiyín. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ àtijọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: ìṣẹ́jú 15 nínú 40

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun náà fúnra rẹ̀, ní Yorùbá, tàbí ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ nílé. Ẹ máà bẹ̀rù pé èyí yóò ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹ béèrè pé: kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán? Wọn á ní wọ́n ń dì í sápò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ kó kan. Ìgbà náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ferment sí bọ́ọ̀dù.

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ẹ bá sọ pé ferment ni “kí nǹkan kan”, ọmọ á rò pé gbogbo ohun tó kan ló ti ferment. Nítorí náà, ẹ fi àpẹẹrẹ àti òdì-àpẹẹrẹ há a mọ́ àárín. Ògì ferment, ẹmu ferment. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan gan-an, ṣùgbọ́n kò ferment. Irú ò kan, síbẹ̀ ó ferment. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí irú fún ìṣẹ́jú méjì. Nínú iyàn yẹn ni wọ́n ti máa rí i pé ìyípadà tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń fà ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe adùn ẹnu.

Lẹ́yìn náà, ẹnu. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí ìró kọ̀ọ̀kan: e-va-po-rate, mẹ́rin, kí èkejì dún jù. Èdè wa kò ní v àti z, h náà sì máa ń bọ́ lẹ́nu wa, nítorí náà ọmọ tó pe hypothesis láìsí h yóò kọ ọ́ láìsí h. Ẹ tún un ṣe lẹ́nu kó tó di bírò.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pín ojú ìwé kan sí ìgun mẹ́rin, kí ọ̀rọ̀ wà láàárín: ìtumọ̀ ní èdè ara rẹ̀, àmì tí a fi ń dá a mọ̀, àpẹẹrẹ, òdì-àpẹẹrẹ. Dorothy Frayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ẹ má ṣe é fún ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àkókò ò ní tó. Méjì tó le jù ni kí ẹ fún ní ìgun mẹ́rin.

Ní ìparí, ẹ kọ gbólóhùn aláàfo: *When ___ ferments, it becomes ___ because ___.* Ọmọ á sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í lórí béńṣì, onítọ̀hún á dá a padà pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn, kí àwọn méjèèjì tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa ké e pọ̀, ogún ọmọ ni yóò máa sọ ọ́, ogójì yóò máa mi ẹnu.

Àtúnṣe tí kò gba àkókò

Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í dúró. Ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn oṣù kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ gé páálí bísíkíìtì sí káàdì, ọ̀rọ̀ níwájú, ìbéèrè lẹ́yìn. Kí ìbéèrè má jẹ́ “kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Ẹ béèrè bí: “Ǹjẹ́ omi tó gbẹ lára aṣọ ti ferment?”

Ìwé atúmọ̀ èdè wúlò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjíròrò ni. Ọmọ tó kọ́kọ́ ṣí i á da ìlà àkọ́kọ́ kọ, èyí tí í sábà ní ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tí kò mọ̀. Ìbéèrè “Ṣé ó yé yín?” náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò dáhùn “rárá, sà” lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ inú ìdánwò

Èyí la gbà pé ó yẹ kí gbogbo tíṣà jọ pín ṣe, torí máàkì ń ṣòfò níbẹ̀ láìnídìí. *State*: dárúkọ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀. *Describe*: bó ṣe rí tàbí bó ṣe ń lọ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. *Explain*: ìdí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. *Compare*: ìjọra àti ìyàtọ̀. *Distinguish*: ìyàtọ̀ nìkan. Ẹ fi ohun kan ṣoṣo, gàrí, béèrè márààrún: dárúkọ ohun èlò méjì, sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ló dé tí títẹ̀ àti dídín fi ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù, fi gàrí wé láfún, sọ ìyàtọ̀ láàárín gàrí funfun àti gàrí elépo. Ọmọ á fojú ara rẹ̀ rí i pé ìdáhùn kan kò lè sin ìbéèrè márùn-ún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́fà sí bọ́ọ̀dù, kí ẹ lo ọ̀rọ̀ lódì nínú mẹ́ta. Kí àwọn ọmọ wá àwọn tí kò tọ́, kí wọ́n sì tún wọn kọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ju ogún ọmọ lọ tí wọ́n ṣì í nínú ọgọ́ta, ẹ dá a padà sínú mẹ́fà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ yọ tuntun kan kúrò fún un.