Bẹ́ ẹ ṣe máa gba kọ́ṣọ̀n fíì yín lọ́wọ́ láńdílọ́ọ̀dù tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la

Kọ́ṣọ̀n fíì ni owó tá a fi sílẹ̀ nígbà tá a gba ilé, torí ohun tá a bá bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó yìí ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọjọ́ tá a bá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni. Èèyàn á ti kó ẹrù sínú mọ́tò tán, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, dẹ́rẹ́bà á máa fọn fèrè, á wá na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ Bàbá onílé lẹ́nu géètì pé "ẹ bá mi fún Bàbá, màá pè wọ́n tórí kọ́ṣọ̀n mi". Ó ti bọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ní àwọn ṣì ń wo ilé, tó bá di oṣù kan wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ba tọ́ílẹ́ẹ̀tì jẹ́, ayálégbé tuntun sì ti wọlé, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó ba kí ni jẹ́ mọ́?

Torí náà, tó bá ti ku bí oṣù kan kẹ́ ẹ kó jáde, ẹ wá àgírímẹ́ǹtì yín jáde, kẹ́ ẹ ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ kọ́ṣọ̀n: kí ni wọ́n lè yọ nínú ẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà, oṣù mélòó lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ń lọ. Owó éjẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì ò ní padà wá, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn. Ilé tó jẹ́ pé ẹnu lásán la fi gbà á pọ̀ nílùú Òṣogbo yìí, tó bá rí bẹ́ẹ̀, rìsíìtì tàbí ẹ̀rí pé ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì lẹ máa wá, kẹ́ ẹ wá bi éjẹ́ǹtì lórí WhatsApp pé èló ni kọ́ṣọ̀n nínú owó yẹn, ọwọ́ ta ló sì wà. Orí WhatsApp o, ẹ má pè é, torí èsì tó bá kọ lẹ máa rí fi hàn lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ san owó iná, omi, owó àwọn tó ń kólẹ̀ àti owó ọdẹ tán. Ẹ tọ́jú bíìlì IBEDC, iléeṣẹ́ iná, tó kẹ́yìn, tó bá jẹ́ mítà lẹ̀ ń lò, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Gbèsè iná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sá sí.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí. Ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí owó ilé yín tó parí, ẹ kó ẹrù jáde, ẹ gbá gbogbo ilé, kẹ́ ẹ wá ní kí Bàbá tàbí ẹni tí wọ́n bá rán wá bá yín wo ilé náà, yàrá kan tẹ̀ lé òmíì. Ẹ má jẹ́ kí owó ilé parí kẹ́ ẹ tó ṣe é o, torí tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ní ẹ tún jẹ owó ilé. Ohun tó bá bàjẹ́ àti iye tó máa ná yín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì sáìnì ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Room and parlour kan ni mo gbé ní Òkè-Báálẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ lọ, Bàbá ní mo ti la síńkì ìdáná, àwọn máa fi kọ́ṣọ̀n mi ra tuntun. Ọjọ́ tí mo wọlé ni mo ti ṣe fídíò gbogbo ilé, mo wá a jáde, mo gbé fóònù síwájú wọn, nínú fídíò náà, ọwọ́ mi ń tọ́ka sí ibi tó là lára síńkì yẹn, ohùn Bàbá fúnra wọn sì ń sọ lẹ́yìn pé "ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, a máa pààrọ̀ ẹ̀". Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n mú nọ́ńbà àkáǹtì mi wá.

Ẹ mọ ohun tó jẹ́ tiyín àti èyí tí kì í ṣe tiyín. Ọ̀dà tó ṣá torí ẹ ti gbé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, ògiri tí òjò ń rin, òrùlé tó ń jò, ìyẹn ò kàn yín. Àmọ́ gíláàsì fèrèsé tí ọmọ yín fọ́ àti ihò tẹ́ ẹ lù sára ògiri tórí tẹlifíṣọ̀n, tiyín ni, ẹ pe oníṣẹ́ kó tún un ṣe kẹ́ ẹ tó lọ, torí iye tẹ́ ẹ máa san fún un ò ní tó iye tí Bàbá máa yọ. Tí wọ́n bá sì sọ pé àwọn ti yọ owó, ẹ fọ̀wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí rìsíìtì oníṣẹ́.

Tí wọ́n bá wá ń fi yín ṣeré, ẹ lọ bá wọn nílé nírọ̀lẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ má pariwo. Ẹnu lẹ máa fi bẹ Bàbá, ìwé lẹ máa fi gba owó. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi nǹkan báyìí ránṣẹ́:

"Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí lálejò lónìí. Kọ́ṣọ̀n fíì mi, ₦50,000, ẹ ní ẹ máa fún mi kí oṣù yìí tó parí. Nọ́ńbà àkáǹtì mi nìyí. Ẹ̀mí yín á gùn sà."

Tí ọjọ́ bá pé tí wọn ò san, ẹ wá ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bí alága ẹgbẹ́ láńdílọ́ọ̀dù àdúgbò, lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ wọn, tàbí àkọ́bí wọn. Èmi gbà pé èyí ló ń yanjú ẹ̀ jù nílùú wa, torí kò sí àgbà tó fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun sí owó ayálégbé láàárín ẹgbẹ́. Tí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ní kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹni tí ò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, kí wọ́n wò ó bóyá àwọn lè gbà á ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kóòtù Majísíréètì.

Ẹ má gbé e lọ sí tèṣàn, ẹ jọ̀ọ́. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àdéhùn tí ẹnì kan yẹ̀ nìkan mú un, ẹ kàn máa náwó sí i lásán ni. Ẹ má sì tú fáànù tàbí sókẹ́ẹ̀tì ilé lọ torí inú ń bí yín, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ máa wá yí lé lórí.

Tí wọ́n bá fún yín ní ìdajì, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ìdajì lẹ gbà, kẹ́ ẹ kọ iye tó ṣẹ́ kù àti ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san án.