Iná alùpùpù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ ka nọ́ńbà ara pátì kí ẹ tó náwó

Bí iná Triumph, BSA tàbí Norton àtijọ́ yín bá ń ṣe ségesège, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà, ẹ nu ìdọ̀tí ara pátì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Lucas ti Birmingham ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná àwọn alùpùpù wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà sára iṣẹ́ wọn. Ẹ lè rí RM21 lára alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná AC), K2F lára màgínẹ́tò (èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná), E3L lára dínámò (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná DC). Lára ọ̀pọ̀ wọn, oṣù àti ọdún náà wà níbẹ̀: 10 66 ni oṣù kẹwàá ọdún 1966. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi ra pátì. Orúkọ alùpùpù nìkan kò tó, torí ẹni tó gùn ún ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ ohun tó pọ̀ lára rẹ̀.

Ìwé ló kàn. Ẹ wá ìwé àtúnṣe ti ọdún alùpùpù yín gan-an àti ìwé pátì tí Lucas fúnra rẹ̀ tẹ̀. Vintage Motor-Cycle Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ní ibi ìkówèésí tó dára, ẹgbẹ́ àwọn oní-Norton àti ti àwọn oní-Triumph náà kì í fi ìmọ̀ pamọ́. Ẹ má gba àwòrán wáyà ọdún mìíràn: Triumph Bonneville ọdún 1965 ń lo 6 volt, ti 1966 ti bọ́ sí 12.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, pọ́sítíìfù bátìrì ló máa ń wà lára bọ́dì. Wáyà pupa ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so mọ́ bọ́dì. Wáyà búráùn tó ní ìlà búlúù ló ń lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹni tó bá so bátìrì sódì máa jó rectifier, pátì tó ń sọ iná AC di DC fún bátìrì. Bí ẹ bá fẹ́ gílóòbù LED, ẹ bèèrè èyí tó gba pọ́sítíìfù lára bọ́dì.

Ọkùnrin kan gbé BSA A65 wá bá mi, ó ti ra bátìrì tuntun àti alternator tuntun, síbẹ̀ iná iwájú ń ṣe bàìbàì. Wáyà pupa abẹ́ bóòtù rectifier ló jókòó lórí ọ̀dà. A fá ọ̀dà náà dé ojú irin, iná tàn. Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín: ẹ tan iná iwájú, ẹ fi ẹnu mítà kan sí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì sí ìdí gílóòbù. Bí ó bá ju ìdajì volt lọ, ẹ́ẹ̀tì yín kò dára.

Ẹ rọra fọwọ́ kan rectifier. Sípánà méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan kí ó di bóòtù mú, kí àwọn àwo rẹ̀ má bàa yí. Zener diode, pátì kékeré kan, ń sọ iná tó bá pọ̀ jù fún bátìrì di ooru, nítorí náà ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ aluminiọ́mù tó mọ́ tónítóní. Ẹ má ki wáyà ẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn, ẹ̀yìn ni kó lọ. Bàbà rírọ̀ ni bóòtù ìdí Zener, bí ẹ bá fún un jù, yóò já.

Wáyà 14/0.30 (fọ́nrán 14 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 0.30 mm) tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan, 28/0.30 ni kí ẹ lò fún bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì ńlá. Fíúùsì gíláàsì Lucas tí wọ́n kọ amp 35 sí, ibi tó ti ń jó ni wọ́n kọ, ìdajì rẹ̀ ló lè máa gbé láìdúró. Bí ẹ bá ń fi ti ìgbàlódé sí i, ẹ má ju amp 20 lọ.

Alternator ni kí ẹ yẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Ẹ tú wáyà RM21 méjèèjì, ẹ so resistor (pátì tó ń dín ìṣàn iná kù) 1 ohm tó lágbára mọ́ wọn, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dé 3000 rpm. Mítà tí ẹ fi sí AC gbọ́dọ̀ ka volt 9 ó kéré tán. Bí kò bá tó, ẹ wo rotor, apá alternator tó ń yí, kí ẹ sì gbìyànjú láti fọwọ́ yí àárín rẹ̀. Bí àárín náà bá ti tú, yóò máa kan gbọ̀ngbọ̀n bíi bíárìn tó ti jẹ, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó sì dára ni wọ́n ti tú palẹ̀ nítorí ariwo yẹn.