Bí A Ṣe Lè Rí Òbí fún Ọmọ Òrukàn Tó Ti Dàgbà Nípa Gbígbà Á Lálejò Nígbà Ìsinmi

Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti gbọ́ ọ pé ọmọ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń wá ọmọ gbà máa ń béèrè. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ tí wọn yóò pọ̀n, tí yóò lajú bá wọn, tí àdúgbò yóò sì máa pè ní tiwọn láìbi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 9 tàbí 12 kì í sí nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ó lè máa rántí ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń bẹ̀rù pé bó bá dàgbà tán, yóò wá àwọn tó bí i lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa wo bí wọ́n ti ń gbé àwọn tó kéré sí i lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi pé ọdún 18, tí òfin kò ní pè é ní ọmọdé mọ́.

Lójú tèmi, àìmọ ọmọ náà ló ń fa ìbẹ̀rù yìí. Ènìyàn kì í ti ara fọ́tò fẹ́ràn ọmọ ọdún 11. Àfi kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ lọ sọ́jà, kí ọmọ náà bínú, kó sì tún tújú ká lójú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, àwọn alábòójútó ilé ọmọ òrukàn àti ìdílé yòówù tó bá lè gba ọmọ tó ti dàgbà lálejò nígbà ìsinmi.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun

Lẹ́yìn ìjàmbá tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì ní Chernobyl ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, àwọn ìdílé ní Ireland, Ítálì àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ láti Belarus àti Ukraine lálejò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ara wọn lè sinmi. Àwọn kan lára àwọn agbàlejò náà wá sọ àwọn ọmọ tí kò lóbìí nínú wọn dọmọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àjọ kan sọ irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di ètò ọdọọdún fún àwọn ọmọ òrukàn tó ti dàgbà láti Ukraine, Latvia àti Colombia, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn tàbí ní àkókò Kérésìmesì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka àwọn agbàlejò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti hùwà ọ̀daràn rí, wọ́n á ṣàbẹ̀wò sí ilé wọn, ìdílé náà ni yóò san owó ọkọ̀ òfurufú, àgbàlagbà kan á sì bá àwọn ọmọ náà rìn. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ padà sílé ní ọjọ́ tí a dá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún agbàlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbàlejò ni, kò sí ìlérí ìsọdọmọ nínú rẹ̀.

Ohun méjì ló mú kí ètò náà so èso. Èkíní ni pé ọmọ tí wọ́n ti ń kà lórí ìwé wá di ẹni tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Èkejì, tí mo kà sí jùlọ, ni pé agbàlejò tí kò lè gba ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa ń di alágbàwí fún un: yóò sọ nípa rẹ̀ fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò sì ní ohun gidi tí yóò sọ, nítorí ó ti bá a gbé. Wọ́n sì ń yára, nítorí òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè dọmọ ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ náà tó pé ọdún 16, àyàfi bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ tí ìdílé kan náà ti gbà, tí wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún un di ọdún 18.

Ṣùgbọ́n ètò náà ń dun ọmọ mìíràn gan-an. Ọmọ tó ti jókòó sídìí tábìlì ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yóò padà sórí ibùsùn rẹ̀ ní ìkọjá òkun, yóò sì máa retí ìpè tí ó lè má dé. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ibẹ̀ dá ìsọdọmọ sí òkè òkun dúró, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti mọ ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ sì há sí àárín ọ̀nà. Àdéhùn Hague ti ọdún 1993 lórí ìsọdọmọ láàrin orílẹ̀-èdè ti là á kalẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ wá ìdílé fún ọmọ ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kí a tó wo ìta. Ibẹ̀ ni èmi náà dúró sí.

Ìdí tí a kò fi ní kó ọmọ tiwa lọ sókè òkun

Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó wọ inú Àdéhùn Hague náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè yìí, tó jáde ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, kò ṣí ilẹ̀kùn fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2003 náà sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ tó ti ń béèrè fún ó kéré tán ọdún 5, àti pé òun àti ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé ọmọ òrukàn yín pẹ̀lú ìwé ìpè láti òkè òkun, tó ní òun fẹ́ kó ọmọ mélòó kan lọ lo ìsinmi, ẹ má fún un ní fọ́tò ọmọ, ẹ má fún un ní orúkọ ọmọ. Ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba létí, bó bá sì ti mẹ́nu ba owó, ẹ fi tó NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, létí pẹ̀lú. Ọmọ títà àti ọmọ rírà jẹ́ ìwà ọ̀daràn lábẹ́ òfin, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, wọ́n sì lè ran ìdílé tó gbà á lálejò nílé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àjèjì sí ìtọ́jú ọmọ òrukàn. Títí di òní, orúkọ Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ìjọ Baptist láti Amẹ́ríkà tó tọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú, ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tó kù ni pé kí ilé àwọn ará ìlú fúnra wọn ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà.

Ọ̀dọ̀ wẹ́fíà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, Ìbàdàn. Láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ sùn níta ilé ìtọ́jú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi wọ́n ni pé, ọmọ ta ni? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní ilé òrukàn ló ṣì ní ẹbí láyé. Bí ìyá àgbà rẹ̀ bá wà ní Ìkòyí-Ilé, tó sì ń wá a wò, ìyá àgbà náà ni kí ẹ ràn lọ́wọ́ kí ọmọ lè padà sílé. Kí ẹ má wá òbí tuntun fún ọmọ tó ní ilé. Kìkì ọmọ tí wẹ́fíà bá sọ pé ó lómìnira lábẹ́ òfin láti ní òbí tuntun ni kí ẹ fi sínú ètò yìí. Bí ọmọ ìyá bá wà níbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ilé kan náà ni kí wọ́n jọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìdílé. Àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà tán, àwọn olùkọ́, àti tọkọtaya tó ti ń retí ọmọ tipẹ́ ni mo máa ń rò kàn. Kí wẹ́fíà rí ilé náà, kí wọ́n mọ gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀, títí kan ọmọ iṣẹ́ àti àbúrò ọkọ, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí ìmáàmù àti aládùúgbò kan tí kì í ṣe ẹbí wọn. Ewu tó tóbi jù ní ilẹ̀ wa ni pé ẹlòmíràn ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wá. Ìbéèrè kan wà tó máa ń tú àṣírí èyí: “Kí ni ẹ rò pé ọmọ náà yóò máa ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́?” Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn àti ọjà kíkiri, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ní ti ọmọ náà, ìsinmi ni kí ẹ pè é fún un, kí ó sì jẹ́ ìsinmi lóòótọ́. Ẹ sọ fún un pé ó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ Bàbá Ṣadé àti Ìyá Ṣadé, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí yóò padà. Kò gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n ní Dádì àti Mọ́mì, kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n ń wò ó láti mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò kò ní lè simi. Yóò máa fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí ẹnu yóò fi ro ó.

Ìbẹ̀wò ọjọ́ Sátidé kan tàbí méjì ni kó ṣáájú, kó tó di pé ó sùn síbẹ̀ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, láàrin ìparí oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án. Àǹfààní tí a ní ju àwọn ará òkè òkun lọ nìyí: ọmọ tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè padà wá ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sí òkun láàrin wọn.

Kí ìdílé náà mọ ohun tí wọn yóò rí. Ọmọ tó dàgbà sí ilé ìtọ́jú lè máà mọ̀ pé kì í ṣe agogo ló ń pe ènìyàn wá jẹun nínú ilé. Ọmọkùnrin ọdún 11 kan tí ìdílé kan ní Tákíé gbà lálejò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì béèrè ta ni yóò lu agogo. Nígbà tí àlejò wọlé lọ́jọ́ kejì, ó dìde, ó pọ́wọ́ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kí àwọn tó bá gbé àpò ìrẹsì wá fún wọn. Ìyàwó ilé náà kàn fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì ní kó jẹ́ kí àwọn jọ máa já ewédú. Ohun tí ó tọ́ gan-an ló ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọrin tàbí jó fún àlejò, ẹ má sì jẹ́ kó sọ ìtàn ikú òbí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá wù ú láti sọ fún. Ẹ mú un lọ sọ́jà, kó rí bí a ṣe ń ná láfún. Ẹ fún un ní ibùsùn tirẹ̀ àti ibi tí yóò kó aṣọ rẹ̀ sí. Bó bá ń fi ẹran pamọ́, ẹ má bá a wí. Ẹ fi oúnjẹ hàn án níbi tó wà, kí ẹ sọ fún un pé kò ní tán lálẹ́.

Kí ó lè fi fóònù bá ìyá alábòójútó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbàkígbà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró tì í nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Kí wẹ́fíà yọjú sí ilé náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Nípa fọ́tò, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ojú ọmọ náà sórí WhatsApp tàbí Facebook, ì báà jẹ́ láti fi wá òbí fún un. Ẹnu ni kí ẹ fi wá a.

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà

Kí ọmọ padà ní ọjọ́ tí a dá, bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ dùn bí oyin, nítorí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín kì í yẹ̀. Ẹ bi òun nìkan léèrè bí ó ti rí, kí ẹ sì bi ìdílé náà lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ní òun kò fẹ́ padà lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ẹ kàn wádìí ohun tó dé. Bí ìdílé náà kò bá lè gbà á, kí wọ́n má pòórá fún un. Kí wọ́n máa yọjú sí i ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí wọ́n sì sọ nípa rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n mọ̀: pé ó fẹ́ràn ìṣirò, pé ó máa ń bínú bí wọ́n bá jí i lójijì, pé ó mọ ewúrẹ́ sìn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ẹlòmíràn sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí i.”

Ìdílé tí ọkàn rẹ̀ bá ti fà sí i, kí ó tètè fi tó wẹ́fíà létí, nítorí òfin ọdún 2003 fẹ́ kí wọ́n ti mọ èrò rẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán kí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ, kí ọmọ náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 3 tó tẹ̀ léra. Olùbéèrè gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọdún 14 gbọ́dọ̀ ti tó ọmọ ọdún 35. Ẹni tó dá wà náà gbọ́dọ̀ ti pé 35, ọmọ tí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀ nìkan ló sì lè gbà. Wọn yóò béèrè ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pélébé méjì àti ìwé àyẹ̀wò ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba. Bí àṣẹ bá jáde, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí ogún bí ọmọ tí wọ́n bí; nítorí náà, ẹ sọ fún olórí ẹbí kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kí ọmọ yí ìdílé tó ti wá padà lè gbà á tọ́ lábẹ́ ètò alágbàtọ́, kí ọmọ náà sì máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Fún àwọn tó ti pé ọdún 16 tàbí 17, oṣù 12 lè gba gbogbo àkókò tó kù, ṣùgbọ́n kí ẹ má yọ wọ́n kúrò nínú ètò ìgbàlejò. Ẹ wá ìdílé tí yóò gbà pé kí ọmọ náà máa wálé sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọdún, tí yóò dúró fún un nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì LAUTECH tàbí tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí orúkọ wọn yóò sì wà lórí fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n bá ti béèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i.