Fáìlì Yín, Ara Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Yunifásítì l'Ékòó àti Ará Ilé Wọn

A kọ ìwé yìí fún gbogbo ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga l'Ékòó, yálà olùkọ́ ni o, akọ̀wé, dírẹ́bà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, òṣìṣẹ́ láàbù tàbí ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé. Ẹni tó wà ní UNILAG l'Akọka, ẹni tó wà ní Yaba Tech, ẹni tó ń bá LASU ṣiṣẹ́ l'Ọ̀jọ́, ó kan gbogbo yín. Ó kan ọkọ, ìyàwó àti ọmọ tó ti gbọ́njú pẹ̀lú, torí àwọn ni yóò máa tú àpótí wá ìwé kiri lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: ẹ má fi ohun tó jẹ́ tiyín sílẹ̀ fún ọ́fíìsì nìkan láti mọ̀. Ìwé iṣẹ́ yín, iye tó wà nínú owó ìfẹ̀yìntì yín, iye tí ìfúnpá yín jẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n fúnra yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé.

ÌWÉ TÓ YẸ KÓ WÀ NÍLÉ

Ẹ ra fáìlì tó nípọn, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di búrẹ́dì wálé. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ìwé tó fìdí yín múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Èèyàn á ti lo ọdún mẹ́wàá, á ní ta ni kò mọ òun níbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ojú tó mọ̀ ọ́n kò níí wúlò, ìwé ni wọn yóò béèrè. Gbogbo ìwé ìgbéga, ìwé ìsinmi ọdọọdún àti ìwé ìyọ̀ǹda láti lọ kàwé, ẹ kó wọn síbẹ̀.

Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù náà. Ìjọba àpapọ̀ ló fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kí àwọn yunifásítì rẹ̀ kúrò lórí ètò ìsanwó IPPIS. Nígbà tí ètò ìsanwó bá yí padà báyìí, àríyànjiyàn lórí owó tí wọ́n yọ tàbí èyí tí wọ́n jẹ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ìwé owó oṣù ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí lọ́wọ́ ló lè fi ẹ̀rí sọ̀rọ̀ níwájú bọ́sà. Ẹ lè ya fọ́tò wọn sórí fóònù, ó dára, àmọ́ Èkó la wà, ẹni tó ń ja fóònù gbà lójú fèrèsé dánfó l'Òṣòdì kò níí dá ìwé yín padà.

Ẹ tún wo orúkọ yín. Ẹ tẹ́ ìwé ẹ̀rí, NIN, BVN, ìwé báńkì àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Obìnrin tó gbé orúkọ ọkọ wọ ìwé kan tí kò gbé e wọ èkejì, ọkùnrin tí orúkọ àárín rẹ̀ wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn, tàbí tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ fi oṣù kan yàtọ̀, ìdádúró ni gbogbo rẹ̀ máa ń fà. Ìwé ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì gbé yín dé kóòtù.

NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BÁ ṢÍ SÍLẸ̀

Yunifásítì ìjọba a máa kéde ààyè iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn àti lórí ojú òpó rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ̀wé. Ẹ̀dà ìwé tí wọ́n máa ń béèrè kì í ṣe méjì mẹ́ta, nítorí náà ẹ ti múra owó fọ́tókọ́pì sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí girama, ti yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, ìwé ọjọ́ ìbí àti orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè jẹ́rìí yín, ìwọ̀nyí ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí yín kí ẹ tó kọ orúkọ wọn o. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ṣàdédé rí ìwé pé kó wá jẹ́rìí ẹnì kan tó ti gbàgbé, ẹ lè mọ irú lẹ́tà tó máa kọ.

Ayédèrú ìkéde pọ̀ lórí WhatsApp ju ojúlówó lọ. Ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà máa ń parí sí .edu.ng: unilag.edu.ng ni ti UNILAG, lasu.edu.ng ni ti LASU. Tí ìlà tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ jáde níbẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó sínú àpò báńkì ẹnì kan kó tó fún èèyàn ní iṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun ní sílọ́ọ̀tì tí òun ń tà, gbájúẹ̀ ni, kódà kó jẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń pè yín, kódà kó so káàdì òṣìṣẹ́ mọ́rùn. Ẹ sọ fún àwọn àbúrò yín nílé, torí àwọn ni wọ́n ń dọdẹ.

Ẹni tó wà nínú iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó sì ń kàwé sí i kó lè bọ́ sí ipò mìíràn, kó kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ tó yọ́ lọ gba dìgírí, tó wá gbé e jáde lójijì, lè má rí ẹni tí yóò kà á sí. Bí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó lé ilé ẹ̀kọ́ gíga lórí, bá ni yóò gbé owó ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan, ó máa fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò padà wá ṣiṣẹ́ sin ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ka ìwé ọ̀hún dé orí gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì lábẹ́ kọngílá: owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000 láti ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún náà. Iye tí ilé ẹ̀kọ́ ń san fún kọngílá àti iye tó ń dé ọwọ́ yín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa béèrè ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ lọ.

OWÓ ÌFẸ̀YÌNTÌ

Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì dá mẹ́wàá. Orí owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 yóò kúrò lọ́wọ́ yín, ₦10,000 yóò ti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ wá, ₦18,000 ló sì yẹ kó wọlé. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù bá jáde ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín. Ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí oṣù tí kò wọlé. Bí ilé iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin gbà yín láyè láti kó lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. PenCom ló ń bójú tó ètò yìí fún ti ìjọba àpapọ̀. LASPEC ni ti òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó.

Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ̀ pé owó yìí wà. Èyí ló mú wa dé orí orúkọ ẹni tí yóò jogún. Ẹni tó gba iṣẹ́ nígbà tó wà lápọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́ta, orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó kú, ìjà ẹbí ló fi sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ lọ yí i padà lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ní yunifásítì yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì ìjọba mìíràn. Òfin ọdún 2012 fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 70, ó fún olùkọ́ yòókù àti òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ ní 65. Ọdún gígùn nìyẹn, ara ni yóò sì gbé e dé ibẹ̀.

ARA

Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tàbí Agbádó tó ń ṣiṣẹ́ l'Akọka, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ti jí, ó lè di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó rí ilé. Oorun wákàtí méje ni àgbà nílò, ó kéré tán. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ló ń jẹ èyí tó kù. Reluwé aláwọ̀ pupa ti ń ná Agbádó sí Òyìngbò láti ọdún 2024, ó sì ń dúró ní Yábàá. Ti aláwọ̀ búlúù ń ná Mile 2 sí Màrínà láti ọdún 2023. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá bá a mu, kó ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, kó fi wákàtí tó bá rí pamọ́ sùn. Kó má fi wo fíìmù.

Ìfúnpá ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni orí ń fọ́. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí, torí ọ̀pọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n gba òdì: ẹ má mu kọfí tàbí fa sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má ṣe ká ẹsẹ̀ lé ara wọn. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé ọkàn, kí ẹ̀rọ wà lára awọ apá, kì í ṣe lórí ẹ̀wù. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn láti ilẹ̀ dé òkè kẹta, tó na apá sí nọ́ọ̀sì nígbà tó ń dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, iye tó bá jáde kì í ṣe iye rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ rí dókítà. Bí oògùn bá sì ti mú un wálẹ̀, oògùn ọ̀hún ló mú un wálẹ̀ o. Ẹ má dá a dúró láìbi dókítà.

Iyọ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé fẹ́ kí èèyàn jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, kò sì ju ṣíbí tíì kan lọ. Mágí, Indómì àti ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò náà. A ò ní kí ẹ má yà ní búkà. Bí ẹ bá ń pàṣẹ, ẹ dín ẹ̀bà kù, ẹ fi ewédú àti ẹja kún un, kí ẹ fi omi dípò mínírà. Mọ́ínmọ́ín àti ògì tí kò ní ṣúgà púpọ̀ ṣara lóore ju búrẹ́dì àti bọ́tà lójoojúmọ́ lọ. Ẹ sì rìn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló tó, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún, kí ẹsẹ̀ yá díẹ̀. Ẹni tó wà l'Akọka tó ń sanwó bọ́ọ̀sì nínú ọgbà, tí etí ọ̀sà sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a kò mọ ohun tí a lè sọ fún un.

Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kó wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Nílé, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bó ti wù kí òjò máa rọ̀: èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ìdílé lójú oorun.

Ọpọlọ náà ń rẹ̀. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àárẹ̀ ọpọlọ wà ní Yábàá, ọdún 1907 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí àwàdà "Yábàá Lẹ́fìtì" yìí, àwọn kan kì í fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń wọ géètì rẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tàbí tó ń rò ó pé kò yẹ kí òun wà láàyè, kó lọ. Ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lè bá a lọ.

Ará ilé, èyí kàn yín gan-an. Bí ẹnu òṣìṣẹ́ yín bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá kan kò bá ṣe é gbé sókè, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí dókítà yóò béèrè. Ẹ má fún un ní ohunkóhun mu. Ọsibítù tó tóbi ni kí ẹ gbé e lọ tààrà: LUTH n'Ìdí-Àràbà, LASUTH n'Ìkẹjà, tàbí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Kí káàdì ìlera rẹ̀, yálà ti NHIA (ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀) tàbí Ìlera Èkó (ti ìpínlẹ̀), wà lẹ́yìn fáìlì ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ètò NHIA fún òṣìṣẹ́ ìjọba gba ọkọ tàbí ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tó bá ti kọjá ọjọ́ orí náà, ẹ wá ètò mìíràn fún un.