Bí Mo Ṣe Dán Mẹ́mórì Kádì Wò Kí N Tó Kó Ẹrù Sí I

Láptọ́ọ̀pù mi kò gbà ju 64GB lọ, wọ́n sì lẹ ibi ìpamọ́ rẹ̀ mọ́ pátákó inú ni, kò ṣeé tú pààrọ̀. Windows ti jẹ bí ìdajì, fọ́tò tí mo ń yà lóde ìnáwó ló jẹ ìyókù. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà ní òun kò ráyè gba fọ́tò ìkómọ kan mọ́, mo rántí ihò mẹ́mórì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí eruku nìkan ti ń lò látọjọ́ yìí.

Ọjà Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ra kádì, 128GB, ₦6,000. Owó yẹn ti yẹ kó fu mí lára.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ojúlówó ni? Mo fẹ́ lọ dán an wò nílé o."

"Kí lo fẹ́ dán wò lára mẹ́mórì, àbúrò? Tó bá ti ṣí, ó ṣí náà nìyẹn."

Ó ṣí lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà pè é ní 119GB, ìyẹn kò sì burú, torí 1,000 ni àwọn tó ń ṣe kádì fi ń ṣírò tiwọn, 1,024 ni Windows fi ń ṣírò tiẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ayédèrú kádì máa ń ní ọpọlọ kékeré kan tí wọ́n ti kọ́ ní irọ́. Tí Windows bá bi í léèrè, á ní 128 lòun. Tí àyè tó ní ní tòótọ́ bá ti kún, á ṣì máa gba ẹrù, àmọ́ á máa dà á nù tàbí kó kọ ọ́ lé ti àná lórí. Bíi lándílọ́ọ̀dù tó gba owó yàrá kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá gbé bẹ́ẹ̀dì dé.

Mo lo H2testw, ètò ìdánwò ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà c't ní Jámánì ló ti wá. Á fi fáìlì 1GB-1GB kún kádì bámúbámú, á wá kà á padà láti wò ó bóyá ohun tó kọ ló ṣì wà níbẹ̀. Tèmi ń kọ 9MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìkọ nìkan fẹ́ẹ̀ tó wákàtí mẹ́rin, kíkà sì tún wà níwájú. Wọ́n mú iná lọ lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀, bátìrì kú, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lọ́jọ́ kejì nílé ẹ̀gbọ́n mi tó ní sólà. Èsì: 29.1GB dára, 90GB ti ṣègbé.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ padà lọ bá bọ̀ọ̀dá. Ó wo ojú rẹ̀ títí, kò bá mi jà. Ó fún mi ní 64GB tó ní àmì A1 lára, mo fi ₦3,000 lé e. Ó wá ní kí n bá òun dán àwọn tó kù nínú àwo wò. Mo rẹ́rìn-ín, wákàtí márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ̀!

Mo dán 64GB náà wò, ó yege láìsí àbùkù kan. Mo wá fi CrystalDiskMark wọn eré rẹ̀: kíkà 36MB, kíkọ 22MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo rò pé ọ̀lẹ ni, àfìgbà tí mo yá káàdì-rídà USB 3, ohun tí wọ́n fi ń ka kádì láti ìta, tí kíkà sì di 87MB. Ihò ara láptọ́ọ̀pù mi ló há. USB 2.0 ni wọ́n so ó mọ́ nínú, ìyẹn kì í sì í ju bí 40MB lọ. Àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ ló tì í lójú jù, kíkọ wọn kò ju 2.3MB lọ. A1 kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ìgbà 500 ni kíkọ tó ṣèlérí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 4KB lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bíi 2MB. Torí náà fọ́tò àti fídíò nìkan ni mo kó sí i. Mo gbé ètò kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti tẹ ẹ̀bà tán kó tó ṣí.

Kí n tó pa èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ́, mo fi certutil, àṣẹ kan tó wà nínú Windows, gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fídíò mẹ́wàá, èyí tó máa ń yí bí fáìlì bá yí, mo yọ kádì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún gbà á. Kò sí ẹyọ kan tó yí.

Wàhálà kan ṣoṣo tó ti fún mi ni pé ní ọjọ́ kan ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò gba ohunkóhun mọ́. Àyà mi já. Mo fa adápítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ike tí kádì kékeré náà ń wọ̀ kó tó bá ihò mu, yọ, àṣé ike tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yọ̀ sísàlẹ̀ nígbà tí mo ń tì í wọlé, tó ti í pa. Mo fi èékánná gbé e sókè, mo lẹ sélótéèpù mọ́ ọn.