Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti dá wọkọ̀ ní Ìkòròdú

Ọmọ tó bá ti wọ JSS 1 ti tó ẹni tó ń dá wọkọ̀ láti Májídùn lọ sí Ògólóńtò. Èmi ò kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Mo mọ ìyá kan tó bá ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ dá lọ, kò lè la ẹnu, ọkọ̀ gbé e kọjá Ògólóńtò dé Gáréèjì, ó ń sunkún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí kò sí ìkánjú. Ẹ ní kó máa pe orúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ń lọ: Májídùn, Agric, Ògólóńtò. Kó fi mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo ṣe àmì. Pátákó ìpolówó kò ṣe é gbára lé, wọ́n ń yí i pa dà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti wá ṣenji. Owó àlọ nínú àpò kan, owó àbọ̀ nínú èkejì, owó pàjáwìrì nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ra pọ́ọ̀sì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ti tó, òjò kì í ba owó inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sórí páálí, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó. Bó bá jẹ́ Mile 12 ni ọmọ ń lọ, bọ́ọ̀sì BRT ni kó wọ̀. Láti 2015 ló ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Mile 12 dé Ìkòròdú, káàdì ìsanwó tí wọ́n ń pè ní Cowry ni wọ́n sì ń lò báyìí, kò sí wàhálà ṣenji.

Ẹnu ni òbí ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bẹ́ ẹ bá jọ wọkọ̀, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ panu mọ́. Òun ni yóò bi kọndọ́ kó tó gbẹ́sẹ̀ wọlé pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ máa já mi sí Ògólóńtò? Èló ni?” Òun ni yóò sanwó, òun ni yóò gba ṣenji rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Agric.

Ohun tó léwu jù ni kí kọndọ́ so ọmọ pọ̀ mọ́ àgbàlagbà, ₦1,000 kan fún ẹni méjì, kí wọ́n lọ wá ibi tí wọ́n ti máa ṣẹ́ ẹ. Mo ti rí ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé àjèjì wọ inú ọjà nítorí owó kékeré. Kí tiyín wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí pọ̀.” Bí kọndọ́ bá kọ̀, kó fi owó náà sílẹ̀, kó máa lọ sílé-ìwé. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ ò ní bá a wí. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ìbáwí ilé ló ń tẹ̀ lé àjèjì.

Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo “Ó wà o!” nílé, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀, ohùn tín-ín-rín kò lè borí ẹ́ńjìnnì dánfó. Kó má sì sọ̀ àfi tí táyà bá dúró pátápátá, bí kọndọ́ bá tilẹ̀ ń pariwo pé kó fi ẹsẹ̀ òsì sọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn.

Ọkọ̀ tó ṣófo tó ń rọra rìn lẹ́bàá títì, kó má wọ̀ ọ́. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyálọ́jà ti ń wọkọ̀ ni kó lọ. Ọ̀kadà, rárá. Òdìkejì títì ni wọ́n ti ń wọkọ̀ bọ̀ wálé. Níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, kó gùn ún.

Bó bá gbàgbé láti pariwo “Ó wà o!” nígbà tẹ́ ẹ bá jọ wọkọ̀, ẹ má bá a pariwo. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ẹ̀yin méjèèjì kọjá. Bí kò bá sì gbàgbé rí, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú un kọjá lẹ́ẹ̀kan. Kó sọ̀ ní Gáréèjì, kó bi ìyá tó ń tajà níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ pa dà, kó fi owó inú ìbọ̀sẹ̀ sanwó. Bó bá ṣe èyí tán láìwo ojú yín, kó dá lọ lọ́jọ́ Ajé.