Kí ẹ tó ra pẹ́dà tuntun fún ọkọ̀-ilé yín

Bí ọkọ̀-ilé yín (ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé, tí èèyàn lè sùn sí) bá kọ̀ tí kò sáré mọ́, tí iná ẹ́ńjìnì sì tàn, ẹ má tíì ra pẹ́dà àsẹ́lérétọ̀: súìṣì iná bírékì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí súìṣì kékeré yẹn bá ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ ń tẹ bírékì, kọ̀ǹpútà á dín agbára ẹ́ńjìnì kù, kóòdù àṣìṣe tó máa yọ sì lè dárúkọ pẹ́dà tí kò ṣẹ̀ rárá. Ẹ so skánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àti fóltì láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) mọ́ ọkọ̀ náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá rọra tẹ àsẹ́lérétọ̀ dé ilẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì, ìyẹn ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ẹ tẹ pẹ́dà dé, ló wà nínú pẹ́dà kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fóltì ọ̀kan máa ń tó ìdajì èkejì. Kí méjèèjì máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Èyí tí fóltì rẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, òun ni ọ̀daràn, àmọ́ ẹ mi wáyà ìdí rẹ̀ ná. Ẹnu wáyà tó dógùn-ún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. (Bátìrì tó ti rẹ̀ látàrí ìdúró pẹ́ tún lè mú kóòdù èké jáde o.) Bí kóòdù bá sì dárúkọ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí táyà, ìyẹn kò ní ṣeé yẹ̀ wò báyìí, àfi bí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí bírékì fúnra rẹ̀ bá sì rọ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ má wà á lọ ibì kankan.